Bí Ẹ Ṣe Lè Lọ Wo Jẹ́ẹ̀tì Ogun ní Fairford, Kí Ẹ Sì Mọ Ohun Tí Ẹ Ń Wò

Oṣù keje ni àwọn ọmọ ogun òfuurufú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ máa ń kó bàálù wọn wá sí RAF Fairford, pápákọ̀ àwọn ọmọ ogun òfuurufú ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ìpàtẹ tí wọ́n ń pè ní Royal International Air Tattoo. RIAT làwa tó fẹ́ràn rẹ̀ ń pè é. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, ní North Weald ní Essex. Ó gba Greenham Common kọjá kó tó kó dé Fairford lọ́dún 1985. Ní 2003, bàálù 535 ló kóra jọ síbẹ̀, Guinness sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ni ìpàtẹ bàálù ológun tó tóbi jù lọ láyé.

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ rí gbogbo wọn níbẹ̀, ẹsẹ̀ ríro ni yóò gbé délé. Èrò tèmi ni pé kí ẹ mú díẹ̀, kí ẹ sì wò ó dójú àmì. Ẹni tó ń gbé Peckham tàbí Manchester, tàbí tó ti Èkó wá kí àwọn ọmọ rẹ̀, tí kò sì tíì dé irú ibẹ̀ rí, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ àwọn jẹ́ẹ̀tì kan kí ẹ tó kúrò nílé

Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n máa ń gbé orúkọ àwọn bàálù tó ń bọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn jẹ́ẹ̀tì tó máa fò, kí ẹ wo fídíò wọn, kí ẹ mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Fídíò tí wọ́n ti ilẹ̀ yà ló dáa jù. Èyí tí wọ́n yà láti inú bàálù dùn ún wò, àmọ́ kò ní kọ́ yín bí nǹkan yẹn ṣe máa rí lójú yín.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ara mi tí jẹ́ẹ̀tì bá yọ lókèèrè. Ihò iná ẹ̀yìn rẹ̀ mélòó? Ìrù tó nà sókè mélòó? Ṣé ó ní apá kékeré níwájú apá ńlá?

F-16: ihò kan, ìrù kan, kò sí apá kékeré níwájú. Ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, gíláàsì tó bo páílọ́ọ̀tì sì wú sókè roboto. Typhoon tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò: ihò méjì, ìrù kan, apá kékeré méjì lẹ́bàá imú, apá ńlá onígun mẹ́ta. Rafale ti Faransé ló máa ń da ojú rú, torí òun náà ní ihò méjì, ìrù kan àti apá iwájú. Ẹ wo ẹnu wọn: ti Typhoon wà lábẹ́ ikùn, ti Rafale wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Rafale sì tún ní ọ̀pá kan tó yọ síta níwájú gíláàsì, èyí tó fi ń gba epo lófuurufú. Gripen ti Sweden ní apá iwájú bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ihò kan péré ló ní. Tí ẹ bá rí ìrù méjì tó nàró ṣánṣán pẹ̀lú ihò méjì, F-15 nìyẹn. Ìrù méjì tó dà síta pẹ̀lú ihò ńlá kan ṣoṣo, F-35.

Àwọn tó bá ti Nàìjíríà wá yóò bá ojúlùmọ̀ pàdé. Alpha Jet tí Patrouille de France, ẹgbẹ́ àwọn Faransé, fi ń dárà láti 1981, irú rẹ̀ náà ni ọmọ ogun òfuurufú Nàìjíríà ti ń lò láti àwọn ọdún 1980. MB-339 tí Frecce Tricolori, ẹgbẹ́ àwọn ará Ítálì, sọ di olókìkí, Nàìjíríà ra tirẹ̀ láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà. JF-17 tí Pakistan àti China jọ ṣe, mẹ́ta rẹ̀ wọ iṣẹ́ ní Makurdi ní oṣù karùn-ún 2021. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn, yóò dáhùn bíi F-16. Ẹnu rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Tíkẹ́ẹ̀tì àti ọ̀nà

Ọjọ́ Ẹtì, Sátidé àti Sunday ni wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbára lé pé ẹ ó rà á lẹ́nu géètì. Tí iṣẹ́ bá gbà yín láyè, ẹ lọ ní ọjọ́ Ẹtì; èrò Sátidé pọ̀.

Fairford kò ní ibùdó rélùwéè mọ́. Láti London, Paddington ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Swindon, bíi wákàtí kan, kí ẹ tó wá bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìpàtẹ. Ẹ wò ó ṣáájú bóyá bọ́ọ̀sì yẹn gba kí ẹ ti sanwó sílẹ̀, kí ẹ sì wo aago tí ọkọ̀ ojú irin tó kẹ́yìn máa kúrò ní Swindon. Ẹni tó bá wa mọ́tò lọ, kó tètè jí. Ọ̀nà abúlé ni àwọn ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n tóóró, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan tí àwọn yòókù kò mọ̀.

Òjò ń kọ́? Lọ́dún 2008, òjò rọ̀ títí ilẹ̀ tí mọ́tò ń dúró sí fi di ẹrẹ̀, wọ́n sì fagi lé gbogbo ìpàtẹ. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ ẹ mú aṣọ òjò dání, ẹ má mú agboòjò. Ẹni tó bá ṣí agboòjò níwájú èrò níbẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí ẹ máa dúró sí

Ohun tó ń ba ọjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ ni pé ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń tẹ́ aṣọ sí. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi yan ibi tí ẹ máa jókòó: àárín, oòrùn, atẹ́gùn.

Rọ́nwéè Fairford gùn tó 3,000 mítà, ó lọ láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo eré ni wọ́n ń tò yí ká ibi kan láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí àárín yẹn ni eré náà dojú kọ: ibẹ̀ ni bàálù méjì ti máa pàdé ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fọ́n ká. Ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun yóò rí bàálù, ṣùgbọ́n kò ní rí bí eré ṣe tò.

Oòrùn: ní oṣù keje nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn aago kan ọ̀sán ni oòrùn máa ń wà ní gúúsù gan-an, lẹ́yìn ìyẹn ó ń rọra yà sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, kí ẹ wo ibi tí ojú yín máa kọ. Tí ó bá jẹ́ gúúsù, bàálù á máa dúdú lójú yín bí òjìji láti ọ̀sán lọ, ẹ ó sì nílò fìlà etí gígùn àti awò oòrùn.

Atẹ́gùn: bàálù máa ń dojú kọ atẹ́gùn kó tó gbéra. Ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sábà ń fẹ́ wá, nítorí náà lọ́pọ̀ ìgbà apá ìlà oòrùn ni jẹ́ẹ̀tì ti máa bẹ̀rẹ̀ eré ìje rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí iná ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń tan, kó rìn lọ sápá ibẹ̀ díẹ̀. Ẹ wo àsíá tàbí aṣọ gígùn tí wọ́n fi ń mọ atẹ́gùn láàárọ̀, kí ẹ tó tẹ́ àga.

Nípa okùn tí wọ́n nà síwájú èrò: ẹ rántí iṣẹ́ atọ́kùn nígbà tí eégún bá ń jó, bó ṣe ń fi pàṣán ya àyè fún un, tó sì ń lé èrò sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí okùn yẹn ń ṣe nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ òfin rẹ̀. Ní Farnborough lọ́dún 1952, jẹ́ẹ̀tì DH.110 kan fọ́ lófuurufú, àwókù rẹ̀ já lu èrò, òǹwòran 29 kú pẹ̀lú àwọn méjèèjì tó wà nínú rẹ̀. Ní Ramstein ní Jámánì, ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1988, bàálù Frecce Tricolori mẹ́ta kọlu ara wọn, ọ̀kan sì já sáàárín èrò; 70 ènìyàn ló bá a lọ. Ní Lviv ní Ukraine lọ́dún 2002, 77 ni. Ìdí nìyí tí bàálù kì í fi í darí imú sí èrò bó ṣe wù ú mọ́, tó fi jẹ́ pé ó ní ìlà tirẹ̀ lófuurufú tí kò gbọdọ̀ ré kọjá. Ní Fairford gan-an, MiG-29 méjì ti Rọ́ṣíà kọlu ara wọn ní oṣù keje 1993. Àwọn páílọ́ọ̀tì méjèèjì fi àga tó ń ju ènìyàn síta jáde, wọ́n sì yè, kò sì sí òǹwòran kankan tó kú.

Ìkan tó kù ni ìpàtẹ Shoreham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2015. Àwọn 11 tó kú níbẹ̀ kò sí nínú ọgbà ìpàtẹ rárá, ojú títì A27 ni jẹ́ẹ̀tì Hawker Hunter kan já sí. Torí náà, àwọn tó ń sọ pé kí ẹ má sanwó, kí ẹ kàn lọ páàkì sí ẹ̀gbẹ́ títì lẹ́bàá pápákọ̀, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 4: Etí ṣáájú, ojú lẹ́yìn

Ẹ kọ́kọ́ dáàbò bo etí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ariwo bá ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 níbi iṣẹ́, ó di dandan kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ohun ìbòtí. Jẹ́ẹ̀tì tó tan iná ẹ̀yìn rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àgbàlagbà lè lo fóòmù kékeré tí à ń kì bọ etí. Ọmọdé, ìbòtí ńlá bíi ti àwọn oníṣẹ́ ojú ọ̀nà ni kí ẹ rà fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó fi ṣeré nílé fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó má baà máa já a sọnù lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọwọ́? Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá kọ́ bí a ṣe ń fi etí wá bàálù. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí jẹ́ẹ̀tì bá wà ní kìlómítà kan sí yín, ohùn rẹ̀ máa pẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kó tó dé etí yín. Ká ní ó ń sá 720 kìlómítà ní wákàtí, ìyẹn mítà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ti fi 600 mítà kúrò níbi tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àwọn tó ń gbé orí sókè tí wọ́n ń wo òfìfo. Ẹ má wo ibi tí ariwo ti ń wá. Ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa, lọ́nà tó ń gbà lọ. Láàárín wákàtí kan, ojú yín á ti mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 5: Bí a ṣe ń ka eré jẹ́ẹ̀tì kan

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà wà nínú báàgì fún jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Ẹ wò ó lásán.

Nígbà tó bá fẹ́ gbéra, ẹ wo ìdí rẹ̀. Iná tó yọ gbọọrọ yẹn ni afterburner: epo ni wọ́n ń tú sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti la ẹ́ńjìnnì kọjá, kí ó tún gbiná lẹ́ẹ̀kejì kó tó jáde. Agbára á lé sí i lójijì, epo á sì máa run wàràwàrà, ìdí tí wọn kì í fi í tan án jálẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan nínú méjì ti Typhoon ń fi agbára tó tó nǹkan bí 90 kìlónútìnì ti bàálù síwájú tí iná yẹn bá ti tan. Àyà yín ni ẹ ó fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.

Lẹ́yìn tó bá ti gbéra, àwọn ohun kan wà tí eré jẹ́ẹ̀tì kì í sábà yọ sílẹ̀. Ó máa fò kọjá jẹ́jẹ́, imú rẹ̀ gbé sókè, bí ẹni pé ó máa já. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni èrò ń pàtẹ́wọ́ fún. Lásìkò yẹn, apá rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e mọ́, ẹ́ńjìnnì ló ń bá a gbé e ró, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sì ń tún apá àti ìrù ṣe láìsinmi. Tí ẹ bá ní awò tó ń mú nǹkan jìnnà wá sítòsí, ẹ wo ẹ̀yìn apá ìrù F-16 nígbà yẹn: ó ń jà pìtìpìtì lọ sókè sódò.

Lẹ́yìn náà ni yóò yí po gírígírí. Níbẹ̀ ni ìwọ̀n ara páílọ́ọ̀tì ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń fi lẹ́tà g kà á: ní 9 g, ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80 á wúwo bí 720. Aṣọ tó wọ̀ máa wú, á fún ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà sá kúrò lórí, òun fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mí lọ́nà kan pàtó, kó fún iṣan ikùn le. Tí ẹ bá mọ èyí, ìyípo yẹn kò ní jọ eré ọmọdé lójú yín mọ́.

Ìkùukùu funfun tó ń bo apá rẹ̀ nígbà tó bá ń yí kì í ṣe èéfín. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí apá ni ìfúnpá rẹ̀ já wálẹ̀, ó tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rinrin inú rẹ̀ wá di ìkùukùu. Ìdí nìyí tí ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá fi máa ń dùn ju ọjọ́ tí oòrùn mú gan-an lọ.

Red Arrows kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì kan, ẹgbẹ́ tó ń dárà lófuurufú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, a sì ń wò wọ́n lọ́nà mìíràn. Ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bàálù Gnat, ní 1968 ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́sàn-án, Hawk ni wọ́n sì ń fò láti 1980. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń tú sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tó fi ń di èéfín funfun. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ aró, á pupa tàbí kó di búlúù. Ní ìdajì àkọ́kọ́ eré, gbogbo wọn ń fò papọ̀: ẹ má wo ọ̀kan, ẹ wo àyè tó wà láàárín wọn, bóyá ó ń fẹ̀ tàbí ó ń sún kì. Ní ìdajì kejì, wọ́n á pín. Red 6 àti Red 7 ni wọ́n máa ń dojú kọ ara wọn bí ẹni fẹ́ forí gbárí. Ìlà ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń tọ̀, àyè wà láàárín. Ibi tí ẹ jókòó sí ló ń jẹ́ kó dà bíi pé wọ́n fara kanra. Ẹni tó wà ní àárín ni ìtànjẹ yẹn ń mú jù, òun sì ni adùn ibẹ̀.

Ẹ wo àwọsánmà pẹ̀lú. Tó bá ga, wọ́n á ṣe eré tó kún, wọ́n á máa yí òbìrípo sókè. Tó bá wálẹ̀ díẹ̀, wọ́n á máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìgòkè púpọ̀. Tó bá wálẹ̀ gan-an, wọ́n á kàn máa fò gbọọrọ, wọ́n á máa tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Eré mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń dá a ṣe.

Ìgbésẹ̀ 6: Kámẹ́rà

Fóònù dára fún bàálù tó dúró sílẹ̀ àti fún fídíò Red Arrows nígbà tí èéfín wọn bá gba ojú ọ̀run. Fún jẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àmì dúdú lásán ni ẹ ó mú délé. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà gidi, kó wá lẹ́ńsì tó dé 400 mm. Wọ́n ń yáni, kò pọn dandan kí ẹ rà á. Ẹ gbé shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń pa dé, sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán fún jẹ́ẹ̀tì. Ti bàálù oní-propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí), ẹ fà á wálẹ̀ sí bíi 1/250, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ propeller á dúró gan nínú fọ́tò, bàálù á sì dà bí èyí tí epo tán nínú rẹ̀. Tí ojú ọ̀run bá funfun, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ kún un ju ohun tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yàn lọ, nítorí ojú ọ̀run ló ń tàn án jẹ, tí ikùn bàálù fi ń dúdú. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà bá a yí kó tó dé iwájú yín, ẹ má sì dúró nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọn nǹkan kéékèèké

Omi, fìlà, ìpara tí ń dènà oòrùn (àwa aláwọ̀ dúdú náà, ẹ jọ̀ọ́), páwà báǹkì, àga tó ń ká. Oúnjẹ ibẹ̀ wọ́n, ìlà rẹ̀ sì gùn. Ìrẹsì àti dòdò inú kúlà kò lẹ́bi. Wọ́n máa yẹ báàgì yín wò. Drone, ẹ fi sílẹ̀ nílé pátápátá.

Ẹ ó rí àwọn tó gbé rédíò kékeré sétí, tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ páílọ́ọ̀tì àti ilé ìṣọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n òfin UK ti 2006 lórí rédíò kò gbà kí ènìyàn tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Flightradar24 àti ADS-B Exchange, àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fi ibi tí bàálù wà hàn, kò ní wàhálà yẹn; wọ́n á fi díẹ̀ nínú àwọn bàálù tó ń bọ̀ hàn yín, àmọ́ jẹ́ẹ̀tì ogun púpọ̀ kì í fi ara rẹ̀ hàn níbẹ̀.

Tí Fairford kò bá tó yín

Àwọn tó ti mọ ibẹ̀ dáadáa fẹ́ràn ọjọ́ tí bàálù ń dé, ní Wednesday àti Thursday, àti Monday tí wọ́n ń padà sílé. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gba makirofóònù, kò sí orin, bàálù sì máa ń gbéra lẹ́yìn ara wọn fún wákàtí púpọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ máa ń wà fún un.

Ẹni tó ń wá ọ̀fẹ́ lè lọ sí Lakenheath ní Suffolk, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà kó F-15E àti F-35A sí. Ẹ dúró síbi tí gbogbo ènìyàn ń dúró sí lẹ́yìn wáyà, ẹ má dí géètì, tí ẹ̀ṣọ́ bá sì béèrè ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ dá a lóhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní Wales, orí òkè ni wọ́n ti ń wò ó: Mach Loop, àfonífojì láàárín Dolgellau àti Machynlleth, níbi tí jẹ́ẹ̀tì lè fò wálẹ̀ dé mítà 76 síléẹ̀lẹ̀ fún ìdánrawò. Ẹni tó bá gun ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn, orí bàálù ni yóò máa wò láti òkè, kì í ṣe ikùn rẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó lè gun òkè, kí ẹ sì lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, torí wọn kì í sábà fò níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.